Asẹ́ Méjì, Lẹ́tà Kan

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa nílé wa. Ìyá mi máa ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé mò ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Bàbá ìyàwó mi gbà pé fóònù ni mò ń tà, pé ojú ló ń tì mí láti sọ. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ onílẹ́tà ni mò ń ṣe. Mò ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń gba ímeèlì wọlé fún àwọn oníṣòwò Erékùṣù Èkó, èyí tí à ń pè ní sáfà, mo sì ń tọ́jú asẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Asẹ́ yìí ló ń yẹ lẹ́tà wò kó tó wọlé. Ó ń fún un ní máàkì, ṣùgbọ́n máàkì burúkú ni: bí lẹ́tà bá ṣe jọ ti gbájúẹ̀ tó ni máàkì rẹ̀ á ṣe ga tó. Bó bá ti dé márùn-ún, asẹ́ á gbé e sọ sínú àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tí àwọn ọmọ ọ́fíìsì ń pè ní sìpáàmù, tí èmi ń pè ní àpótí pàǹtí. Nígbà tí asẹ́ bá ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, kò sí ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ tó bá ṣì í ṣe, gbogbo wọn á rántí nọ́ńbà mi.

Ilé iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ ń kó léèsì wọlé láti ilẹ̀ Tọ́kì. Bàbá kan tó ti di olóògbé ló dá a sílẹ̀, ìdí-igi méjì ló sì fi sílẹ̀ lọ: ìdí-igi ìyáálé àti ìdí-igi ìyàwó kékeré. Àkọ́bí ìyáálé ni Alhaja, ìyá àgbà tó ń gbé nínú ilé bàbá wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Àkọ́bí ìyàwó kékeré ni àbúrò rẹ̀, Alhaji, tó ń darí ṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì wọn ní Ìdúmọ̀tà. Wọn ò jà o. Wọ́n kàn máa ń wo ọwọ́ ara wọn ni. Bí Ìdúmọ̀tà bá ra jẹnẹrétọ̀, Ìsàlẹ̀ Èkó gbọ́dọ̀ ra irú rẹ̀ gan-an, kódà bí kò bá sí ohun tó máa gbé níbẹ̀ ju fáànù àti tẹlifíṣọ̀n lọ. Bí ọ̀kan bá kun iwájú ilé rẹ̀, ọ̀la ni èkejì máa lọ ra ọ̀dà.

Nígbà tí wọ́n ní kí n wá gbé sáfà kalẹ̀ fún wọn, mo ní ẹyọ kan ti tó wọn lò títí ayé. Alhaja wò mí láti òkè délẹ̀.

"Injinía, ìdí-igi mélòó ni bàbá wa ní?"

"Méjì ni, mà."

"Ẹ̀rọ mélòó lo wá sọ?"

Bí mo ṣe gbé méjì kalẹ̀ nìyẹn, ọ̀kan ní Ìdúmọ̀tà, ọ̀kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kálukú pẹ̀lú asẹ́ tirẹ̀. Wọ́n tún ní kí n pín lẹ́tà tó ń wọlé fún wọn dọ́gba. Lẹ́tà tó bá kọ́kọ́ dé á gba ti Ìdúmọ̀tà wọlé, èyí tó tẹ̀lé e á gba ti Ìsàlẹ̀ Èkó, bí ìgbà tí wọ́n bá ń pín ẹran Iléyá. Ibi yòówù kó gbà wọlé, bí asẹ́ ibẹ̀ bá ti yọ̀ǹda rẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí náà ló ń lọ. Nínú gbogbo ìwé tí mo kà nípa iṣẹ́ yìí, n ò rí ibi tí wọ́n ti ní ká máa pín sáfà bí ẹni ń pín ogún, ṣùgbọ́n a ò bí àwọn tó kọ ìwé wọ̀nyẹn sí Erékùṣù Èkó. Mo ṣe é bí wọ́n ṣe fẹ́, mo bá tèmi lọ.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé rẹ̀ jẹ́ ni akọ̀wé wọn. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ti wà pẹ̀lú wọn láti ayé bàbá wọn, ó sì ní ọmọ méjì ní yunifásítì tí kò sí ẹlòmíì tó ń gbọ́ bùkátà wọn. Òun ló máa ń ṣí àpótí lẹ́tà ilé iṣẹ́ láràárọ̀, tí á tẹ èyí tó bá ṣe pàtàkì sórí pépà, tí á sì gbé e lọ síwájú Alhaji. Alhaji fúnra rẹ̀ kì í ka ohunkóhun lójú kọ̀ǹpútà àfi èyí tí òun bá kọ.

Ìbátan wọn kan wà ní Tọ́kì tó ń ṣojú wọn lọ́dọ̀ àwọn tó ń hun léèsì. Nígbà tí Iléyá ń bọ̀, ó kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ pé àwọn aláṣọ fẹ́ mọ àwọ̀ tí àwọn máa rẹ ọjà ọdún sí. Kò rí èsì. Ó tún kọ ọ́, kò rí èsì. Ó wá kọ òmíràn láti fi kí Alhaji kú oríire ọmọ-ọmọ tuntun, ìyẹn dé wéré, akọ̀wé tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, Alhaji yọ̀. Ó gbìyànjú láti pè é lórí fóònù náà, ṣùgbọ́n Alhaji kì í sọ̀rọ̀ ọjà lórí fóònù, nítorí ó gbà pé gbogbo Ìdúmọ̀tà ló ń gbọ́. Àwọn aláṣọ dúró títí, wọ́n bá yan àwọ̀ fúnra wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí kọ̀ntéénà náà, mo wà níbẹ̀. Kì í ṣe búráùn, kì í ṣe àwọ̀ ewé. Àwọ̀ omi gọ́tà lẹ́yìn òjò ni, ó kún kọ̀ntéénà láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Alhaji ò pariwo. Ó jókòó, ó ronú, ó sì ronú débi tí kò yẹ. Ó ní akọ̀wé ló ń kó lẹ́tà pamọ́. Ó ní àbúrò akọ̀wé ń ta léèsì fún ẹnì kan ní òdìkejì títì, pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọ̀ ọdún wọn ti ń jò lọ. Mo ní ó lè jẹ́ asẹ́. Ó rẹ́rìn-ín sí mi.

"Injinía, ẹ̀rọ kì í ṣojúsàájú. Jẹnẹrétọ̀ tó bá bàjẹ́, á bàjẹ́ pátápátá. Èyí tó ń mú lẹ́tà kan wá, tó ń fi kan sílẹ̀, tó mọ èyí tí òun fẹ́, ọwọ́ èèyàn ló wà ńbẹ̀."

Ó dá ọjọ́. Ó ní lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ìdí-igi méjèèjì máa pàdé ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Bí n kò bá rí ẹlòmíì tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, akọ̀wé á lọ. Gbogbo wa la mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Obìnrin tí wọ́n bá torí olè lẹ́tà lé kúrò ní Ìdúmọ̀tà, ìròyìn rẹ̀ á ti ṣáájú rẹ̀ dé títì Adéníji Adélé, kò sì ní sí ṣọ́ọ̀bù tó máa gbà á mọ́. Akọ̀wé sìn mí dé ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kò sunkún. Ó ní, "Injinía, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi wá àánú o. Òótọ́ ni kí ẹ bá mi wá."

Ẹ̀yin tó ń ka èyí lè máa bi ara yín pé kí ló dé tí akọ̀wé ò kàn wo inú àpótí pàǹtí. Alhaji ló fà á. Nígbà kan rí, ẹnì kan tó jókòó sórí àga akọ̀wé nígbà tí akọ̀wé wà ní ìsinmi ti dáhùn lẹ́tà gbájúẹ̀ kan láti inú àpótí yẹn. Láti ìgbà náà ni Alhaji ti pàṣẹ pé kí n jẹ́ kí ẹ̀rọ máa da pàǹtí àpótí ilé iṣẹ́ nù fúnra rẹ̀ kí ojú ẹnikẹ́ni tó kàn án. Àpótí kálukú òṣìṣẹ́ ni n ò fọwọ́ kàn. Nítorí náà, lẹ́tà tí asẹ́ bá ti mú ti lọ nìyẹn.

Ìmọ̀ràn ò wọ́n mi. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọjà tó ti kọ́ kọ̀ǹpútà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní, "Bọ̀ọ̀dá, na virus be that." Dẹ́rẹ́bà Alhaji ní òpó nẹ́tíwọọ̀kì tó wà lórí òrùlé ẹ̀gbẹ́ wọn ni, pé láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e síbẹ̀ ni orí ti ń fọ́ òun. Ẹ̀gbọ́n kan ní kí n ra ẹ̀rọ tuntun. Mo bi í léèrè pé mélòó, ó ní méjì.

Èmi náà kọ́kọ́ fura sí nẹ́tíwọọ̀kì, mo kàn fẹ́ràn bí ìfura tèmi ṣe dún ni. Asẹ́ kì í dá ronú. Ó máa ń bi àwọn ẹ̀rọ kan lókè òkun léèrè pé, ẹni tó kọ lẹ́tà yìí, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n sí gbájúẹ̀? Bí ìdáhùn bá pẹ́ kó tó dé, asẹ́ á fi ìbéèrè náà sílẹ̀, máàkì á sì yí padà. Níbi tí nẹ́tíwọọ̀kì wa ti ń ṣe ségesège láti CMS títí dé afárá, mo rò pé mo ti rí i. Mo bẹ ìbátan wọn tó wà ní Tọ́kì pé kó tún lẹ́tà àwọ̀ léèsì yẹn fi ránṣẹ́ bó ṣe wà, kó sì tún un fi ránṣẹ́ léraléra. Mo dúró di àkókò tí nẹ́tíwọọ̀kì dán mọ́rán, tí gbogbo ìbéèrè ń rí ìdáhùn. Lẹ́tà àkọ́kọ́ gba máàkì mẹ́sàn-án. Èkejì, tí kò yàtọ̀ sí i níbì kankan, gba ẹyọ kan. Ẹ̀kẹta gba mẹ́sàn-án. Ẹ̀kẹrin gba ẹyọ kan.

Mo tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tí wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé èmi fúnra mi ni mo ń pín lẹ́tà bí ẹran Iléyá. Gbogbo èyí tó gba mẹ́sàn-án, Ìdúmọ̀tà ló gbà wọlé. Gbogbo èyí tó gba ẹyọ kan, Ìsàlẹ̀ Èkó ni. Asẹ́ kan náà ni mo rà fún wọn, ọjọ́ kan náà ni mo tò wọ́n, mo sì ti jẹ́ kí Alhaja fojú ara rẹ̀ rí i pé wọ́n dọ́gba. Kí ló wá dé tí ọ̀kan fi kórìíra ọmọlúàbí yìí, tí èkejì sì ń kí i káàbọ̀?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í já lẹ́tà náà sí wẹ́wẹ́, kí n lè mọ ibi tó ń dun asẹ́ Ìdúmọ̀tà. Mo yọ orúkọ àwọn aláṣọ kúrò, mẹ́sàn-án. Mo yọ ọ̀rọ̀ àwọ̀ àti iye ìdì kúrò, mẹ́sàn-án. Gbogbo ọ̀rọ̀ ajé inú lẹ́tà ti tán, ìbínú asẹ́ ò tíì dín kù. Ohun tó ṣẹ́kù ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí pé ìbátan wọn yìí jẹ́ ẹni tí wọ́n kọ́ nílé, kì í dédé bọ́ sórí ọ̀rọ̀. Á kọ́kọ́ kí èèyàn ní sálámà, á béèrè àwọn ọmọ, á wá ṣàdúrà tó gùn ju ọ̀rọ̀ ọjà lọ. Mo yọ àdúrà náà kúrò, máàkì já wálẹ̀ sí òdo. Mo dá a padà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. "A ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà" nìkan gba máàkì méjì. Lẹ́tà kíkí oríire ọmọ-ọmọ yẹn náà ní àdúrà, ṣùgbọ́n Ìsàlẹ̀ Èkó ló bọ́ sí lọ́wọ́. Oríire gidi ni.

Àdúrà ni asẹ́ Ìdúmọ̀tà ń bá jà. Inú mi dùn pé mo ti mọ̀ ọ́n, ẹ̀rù sì bà mí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí pé asẹ́ kì í ti inú ìyá rẹ̀ mọ nǹkan. Bí a bá kọ́ ọ ló ń mọ̀. Nígbà tí èèyàn bá gbé lẹ́tà kan sínú àpótí pàǹtí fúnra rẹ̀, asẹ́ tó wà níbi tó jókòó sí á wò ó, á ní, áà, irú ọ̀rọ̀ báyìí ni ọ̀gá mi ò fẹ́. Á kọ́ ọ sórí. Bí èèyàn bá sì yọ lẹ́tà kúrò nínú pàǹtí pé èyí dára, á kọ́ ìyẹn náà. Ta ló wá ń kọ́ asẹ́ pé pàǹtí ni àdúrà, nílé àwọn Alhaji?

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nípa àdúrà ọjọ́ Jímọ̀. Láràárọ̀ Jímọ̀, Alhaja máa ń kọ àdúrà sí gbogbo òṣìṣẹ́ àti gbogbo ẹbí. Níwọ̀n ìgbà tí ìdí-igi kan ti ṣe é, Alhaji náà á kọ tirẹ̀, á sì rí i dájú pé ó gùn jù ú lọ díẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fi ti ọjọ́ Ajé kún un, wọ́n fi ti òṣù tuntun kún un, wọ́n fi ti òjò àkọ́rọ̀ kún un. Lórí fóònù, àwọn ọmọ ilé iṣẹ́ ti mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ irú rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ní ímeèlì, kò sí ibi tí wọ́n lè sá gbà. Lẹ́tà inú ilé kì í gba inú asẹ́ kọjá, tààrà ló ń bọ́ síwájú ẹni. Àpótí kálukú kún.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá àwọn ọmọ ọjà nísàlẹ̀, mo fi ọgbọ́n bi wọ́n léèrè. Ọ̀kan tó mọ̀ mí dáadáa rẹ́rìn-ín.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ wò ó, ọjà ló wà nílẹ̀, èmi ò sì lè ka gbogbo ẹ̀. But èèyàn ò lè pa àdúrà àgbà rẹ́ now. Tó bá lọ gbà ńkọ́? Wọ́n ní kí ọmọ ó yè, ìwọ lọ tẹ delete? God forbid."

"Kí lẹ wá ń ṣe sí i?"

"À ń kó o sí sìpáàmù ni. Ó ṣì wà níbẹ̀ láàyè. Kò kú. A kàn ní kó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

Gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, láìbá ara wọn sọ ọ́. Wọ́n bẹ̀rù Ọlọ́hun dé ibi tí wọn ò lè pa àdúrà rẹ́, wọn ò sì bẹ̀rù rẹ̀ dé ibi tí wọ́n á kà á. Bí wọ́n bá pa á rẹ́ ni, asẹ́ ì bá má mọ nǹkan kan. Ìbẹ̀rù Ọlọ́hun wọn ló sọ ẹ̀rọ di kèfèrí.

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, òdìkejì rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀. Àwọn àgbà ẹbí ló ń lo ẹ̀rọ ibẹ̀, ọwọ́ wọn dilẹ̀, wọ́n sì gbà pé ohunkóhun tó bá ti ní àdúrà nínú ò lè jẹ́ pàǹtí. Wọ́n máa ń wọ inú àpótí pàǹtí tiwọn lọ bí ẹni ń lọ gba ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀. Mo rí lẹ́tà obìnrin kan níbẹ̀ tó ní òun jẹ́ opó ọmọba ilẹ̀ Lárúbáwá. Ó kí wọn ní sálámà, ó ṣàdúrà fún àwọn ọmọ wọn, ó wá ní òun ń wá ẹni Ọlọ́hun tó máa bá òun tọ́jú wúrà. Asẹ́ Ìsàlẹ̀ Èkó fún un ní máàkì tó kéré sí òdo, ìyẹn ni pé ó yìn ín. Bàbá àgbà kan nínú ẹbí sì ti fèsì pé, "Àmín, ìyá. Ṣé ara yín le?"

Mo ti rí òótọ́ tí akọ̀wé ní kí n wá. Àtúnṣe rẹ̀ ò le: kí n pa ìrántí asẹ́ méjèèjì rẹ́, kí n sì jẹ́ kí àwọn méjèèjì máa lo ìrántí kan ṣoṣo. Sísọ rẹ̀ ló le. Ta ló fẹ́ dúró níwájú Alhaji, ní ọjọ́ Jímọ̀, kó sọ fún un pé àdúrà rẹ̀ ni àwọn tó ń jẹun lábẹ́ rẹ̀ ń dà sínú pàǹtí? Mo fi ọ̀rọ̀ náà lọ akọ̀wé. Ó ní, "Àwọn ọmọ yẹn náà ní ilé tí wọ́n ń bọ́ o. Ẹ má dárúkọ ẹnì kankan." Mo ṣèlérí fún un.

Pálọ̀ ilé bàbá wọn ni ìpàdé náà ti wáyé. Ìdí-igi kan jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún, èkejì lọ́wọ́ òsì, àwọn òṣìṣẹ́ Ìdúmọ̀tà tò sí ẹ̀bá ògiri. Wọ́n gbé mọ́sà kalẹ̀, nítorí nílé yẹn, wọn kì í fi ebi lé èèyàn kúrò níbi iṣẹ́. Akọ̀wé jókòó láàárín, báàgì rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Alhaja wà lórí àga ńlá, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Alhaji ní kí n sọ ohun tí mo rí.

Mo gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ kọjá. Mo ní asẹ́ méjì ni, ìrántí wọn ò dọ́gba, ohun tí wọ́n kọ́ ọ̀kan yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n kọ́ èkejì. Mo ní akọ̀wé ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

"Kí ni wọ́n kọ́ ti Ìdúmọ̀tà?" ni Alhaji bi mí.

Mo wo akọ̀wé. Mo wo mọ́sà.

"Wọ́n kọ́ ọ pé pàǹtí ni àdúrà, sà."

"Àdúrà ta ni?"

"Tiyín, sà. Àti ti Alhaja."

Alhaji yí ojú sí àwọn tó wà lẹ́bàá ògiri, ó ní kí ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ jáde síta. Mo ti gbọ́ ìbúra rí láyé mi, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ yẹn lé kenkà. Ẹnì kan fi Àlùkùránì búra pé òun kì í jẹun àárọ̀ àfi tí òun bá ka àdúrà Alhaji tán. Ẹlòmíì ní òun tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, òun lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá òun. Ẹni tó bá mi ṣàlàyé nísàlẹ̀ ọjà, tó ní àdúrà ò kú, omi ti ń jáde lójú rẹ̀ nítorí ìwà àwọn èèyàn ayé. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Èmi mọ̀. Gbogbo wọn ló wà nínú kọ̀ǹpútà tó wà lórí itan mi, ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí.

Alhaji tẹ́wọ́ sí mi. "O rí i? Kò sí ẹnì kankan. Irọ́ lo wá pa láti gba obìnrin yìí sílẹ̀."

Akọ̀wé dìde.

"Èmi wà lára wọn, sà," ló wí. "Mo máa ń kó o síbẹ̀. Ó pọ̀ jù fún mi láti kà, n ò sì lè pa á rẹ́."

Ariwo sọ. Mo gbọ́ tí ìdí-igi méjèèjì fohùn ṣọ̀kan, ohun tí n ò gbọ́ rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n. Alhaji fò sókè. "Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó lè da àdúrà nù, kí ni kò lè dà nù? Ṣé lẹ́tà ló máa wá ṣòro fún un?" Àwọn tó búra lẹ́bàá ògiri ń mi orí sí i. Inú bí mi. Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń ra èké. Obìnrin yìí ní kí n bá òun wá òótọ́, òun nìkan ló sì sọ ọ́, òun náà ni wọ́n fẹ́ torí rẹ̀ lé.

Ìgbà yẹn ni Alhaja wá dá sí i. Ó dá tẹ̀sùbáà dúró.

"Injinía, ẹ̀rọ rẹ yìí, ṣé ó mọ gbogbo ẹni tó ń kó àdúrà síbẹ̀?"

"Ó mọ̀ wọ́n, mà. Ṣùgbọ́n mo ti ní n ò ní dárúkọ òṣìṣẹ́ kankan."

"N ò ní kí o dárúkọ òṣìṣẹ́. Bá mi ṣí ti àbúrò mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Alhaji wí, "ìyẹn ò pọn dandan."

Ohùn tó fi sọ ọ́ ló jẹ́ kí gbogbo pálọ̀ mọ̀ kí n tó ṣí nǹkan kan. Alhaja ní, "Ṣí i," mo sì ṣí i. Àwọn àdúrà rẹ̀ nìyẹn, Jímọ̀ lórí Jímọ̀, gbogbo wọn nínú àpótí pàǹtí Alhaji, kò sí ọ̀kan tí wọ́n ṣí wò. Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ síwájú rẹ̀. Ó wọ awò rẹ̀, ó fi ìka sún wọn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó wá dúró lórí ọ̀kan.

"Èyí tí mo kọ nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún ọ nìyí," ló wí fún Alhaji. Kò pariwo. "Mo jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́ kí n tó mọ ohun tí mo máa sọ fún Ọlọ́hun." Ó yọ awò rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo àwọn tó wà lẹ́bàá ògiri. "Nínú gbogbo yín, kò sí ẹni tó ṣe àmín?"

Alhaji ń wo kápẹ́ẹ̀tì.

"Mo máa ń ṣe àmín kí n tó kó o síbẹ̀, mà," ni akọ̀wé wí.

Alhaja yí ojú sí i. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín gidi, kò sì pẹ́ tó fi ẹ̀gbẹ́ ìborùn nu ojú. Ó ní kó jókòó. Lẹ́yìn náà ló bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójú gbogbo wa.

"Obìnrin tó lè sọ èyí sí mi lójú, tó sì mọ̀ pé iṣẹ́ òun lè bá a lọ, kò gbé lẹ́tà ẹnì kankan pamọ́. O fẹ̀sùn olè kàn án. Bẹ̀ ẹ́."

Alhaji tún agbádá rẹ̀ ṣe. Ó wú ikọ́, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè.

"Bísímíláhì," ló wí. "Ọlọ́hun Ọba tó dá ọ̀run, tó dá ilẹ̀, Ọba tí kì í sùn, Ọba tí kì í tòògbé, a dúpẹ́ ọjọ́ òní, a dúpẹ́ pé ojú wa tún ra rí, a bẹ̀ Ọ́ kí ìfẹ́ àárín wa..."

"Ẹ̀bẹ̀ ni mo ní," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "N ò ní àdúrà."

Alhaji sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó wo akọ̀wé, ó wo ilẹ̀, ó tún wo akọ̀wé.

"Má bínú," ló wí.